Ìwádìí àti Àtúnṣe Òfin Ìtọ́jú Ọmọ ní Romania
Nígbà tí ìjọba Nicolae Ceaușescu ṣubú ní Romania lọ́dún 1989, àwọn ọmọ tí ó lé ní 100,000 ni ó wà ní ilé ìtọ́jú ìjọba, níbi tí àwọn olùtọ́jú kò ti tó nǹkan rárá. Láti ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Bucharest ṣẹ́ kèké láti pín ọmọ 136 tí ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́, èyíinì ni ẹni tí ń gba owó láti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé tirẹ̀, ìdajì kejì sì wà lábẹ́ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé òye àwọn tí alágbàtọ́ gbà jí ju ti àwọn yòókù lọ, pàápàá àwọn tí wọ́n tètè gbà kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Òfin ọdún 2004 ti kọ́kọ́ ka fífi ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sí ilé ìtọ́jú ìjọba léèwọ̀, àfi bí àìlera rẹ̀ bá le. Ó yẹ kí gbogbo ìjọba tètè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà èwe kì í dúró de ẹnikẹ́ni.