Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ Àti Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ilé-Ìwé Wa

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Yaba ní ọ̀sán gangan, tí ó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó ti ká táì rẹ̀ sí àpò, tí ó dúró sínú oòrùn létí pápá, tí ó sì ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé kí wọ́n tètè fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ fún ẹnìkejì wọn, ẹ má ṣe rò pé nǹkan ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni. Àwa pàápàá wà nínú irú wọn, a kò sì tijú láti sọ ọ́. Ní sáà tí ó kọjá, láti ìgbà tí ìdíje Ife Àwọn Ọ̀gá Ilé-Ìwé, tí gbogbo ayé ń pè ní Principals' Cup, ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi parí fún ilé-ìwé wa, eré kan ṣoṣo ni a kò fi ojú ara wa rí, òjò ni ó sì sé wa mọ́ Ojúẹlẹ́gbà ní ọjọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tí ife yìí jẹ́ ní Èkó nígbà kan rí. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni wọ́n ti ń du ú. Zard Cup ni wọ́n ń pè é nígbà náà. C.M.S. Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, Methodist Boys' High School ti 1878, King's College ti 1909, St. Gregory's ti 1928, àti Igbobi College ti Yaba níhìn-ín tí a dá sílẹ̀ ní 1932: bí méjì nínú wọn bá pàdé ní pápá Onikan, a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú wa pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì a máa dá páropáro. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó sọ bọ́ọ̀lù di ọ̀ràn ńlá ní ìhà tiwa ni St. Finbarr's College, tí ó ti Ebute-Metta ṣí lọ sí Akoka ní 1963. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, ará Ireland, Fr. Denis Slattery, ni ó dá a sílẹ̀. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni tí ń ti orí àga wo bọ́ọ̀lù lásán. Òun fúnra rẹ̀ a máa fun fèrè gẹ́gẹ́ bí rẹfirí, ó sì ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald rí, nítorí náà ará ilé tiwa tí ń kọ̀wé ni pẹ̀lú. Ní ilé-ìwé rẹ̀ ni Henry Nwosu ti jáde, ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Surulere ní 1980, nígbà tí a fi ayò mẹ́ta sí òdo lé Algeria lọ sílé. Níbẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun nígbà tí Nàìjíríà tún gba ife náà ní 1994, tí ó sì jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí a gbà á ní 2013, kí ó tó di olóògbé ní 2016.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìdíje náà sùn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí 2009 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ilé ìfowópamọ́ GTBank jí i dìde, tí a sì ń rí àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú tí wọ́n ń du tiwọn. Ẹkùn ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Yaba àti Surulere wà ní ẹkùn kẹrin, Mushin wà ní ẹkùn kẹfà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ìyẹn ni pé ará ilé àti aládùúgbò ni ilé-ìwé wa máa ń kọ́kọ́ bá jà, èyí tí í máa mú kí ìjà náà gbóná.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó mú wa kọ̀wé. A kò ní dárúkọ ilé-ìwé wa, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. Ní oṣù kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa ṣe ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí Ọlọ́run ti bùkún fún, dìde, ó sì wí pé ojú ti ń tì wá tó, pé òun ti rí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní Mushin tí bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó ní òun yóò san owó gbogbo tí ó bá tọ́, kí a kọ orúkọ wọn sí kíláàsì S.S.2, kí wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé wa títí ife yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ẹnìkan bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

Ó ní, “Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti wá.”

Àwọn púpọ̀ pàtẹ́wọ́. A kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé: àwa náà pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí ife ti wọ ilé-ìwé wa gbẹ̀yìn, ó sì ń dun ènìyàn bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti ilé-ìwé mìíràn wá bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ibi iṣẹ́.

Nígbà náà ni Bàbá tísà wa, ẹni tí ó kọ́ wa ní ìṣirò, tí ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí a sì máa ń pè sí ìpàdé kí ó kàn bá wa gbàdúrà, ní kí a jẹ́ kí òun sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ fẹ́ fi kún ìwé. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá náà ni pápá ń gbà. Ẹ dárúkọ àwọn mẹ́ta tí yóò bọ́ aṣọ fún wọn.”

Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀, tí a ń pe ara wa ní alátìlẹyìn, kò sí ẹnìkan tí ó mọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Sà, ẹ dárí jì mí, n kò mọ̀ wọ́n.” Bí ọ̀ràn náà ṣe tán nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wa ní òun yóò san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ Mushin wọ̀nyí títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò wọn tán, tayọ̀tayọ̀ ni à bá fi gbà á. Ṣùgbọ́n láti yá ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni yá àga òde, tí òde bá tán kí a dá a padà, àwa kò rí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀ tí ó yẹ ilé-ẹ̀kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé a ó mọ̀ wọ́n. A mọ aṣọ́lé, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Oyingbo, tí ìyá náà sì wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, tí ó kọ ẹ̀yìn sí pápá ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti súnmọ́ ọmọ rẹ̀. A mọ balógun wọn, tí í máa ka ìwé físíìsì nínú ọkọ̀. A mọ ọmọ kúkúrú kan tí í fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù, tí kì í sọ̀rọ̀. Òun ni ẹnikẹ́ni ìbá kọ́kọ́ yọ kúrò bí ti àwọn ọmọ Mushin bá ṣẹ. Òun náà ni ó gbá méjèèjì wọlé nínú eré tí a kọ́kọ́ gbá, tí a fi na àwọn ará Surulere ní méjì sí òdo. Nínú èyí tí ó tẹ̀lé e, a ta ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ti ọjọ́ òjò, wọ́n ní a gbá a dáadáa. A gba ẹ̀rí wọn gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a dé Rowe Park ní Yaba, níbi tí mẹ́jọ yóò ti ku mẹ́rin. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí àkókò fi pé, wọ́n sì ní kí a lọ sí pẹ́nárítì. Aṣọ́lé wa mú ọ̀kan. Ó ku ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Bí ó bá gbá a wọlé, ọgbọọgba ni a wà. Bí kò bá wọlé, ó parí. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó tún un gbé, ó padà sẹ́yìn, ó sì gbá a mọ́ igi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e dìde nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọlọ́rọ̀ ọjọ́sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A kò mọ̀ pé yóò wá. Ó bi wá pé kí ni orúkọ ọmọ náà. A sọ ọ́ fún un, a sọ kíláàsì rẹ̀ àti àdúgbò tí ó ń gbé. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kékeré kan tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Mẹ́rin péré nínú wọn ni yóò kù fún sáà tí ń bọ̀, nítorí àwọn tí ó kù ti ń múra ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń dánra wò, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní pápá ilé-ìwé. Koríko ti tán lójú ilé bọ́ọ̀lù méjèèjì, ẹgbẹ́ wa sì ti ń dá owó rẹ̀.