Ọmọbìnrin Tí Yóò Di Lọ́yà: Iṣẹ́ Ti Bẹ̀rẹ̀ Kí Ọjọ́ Ìdánwò Tó Pé



Bí àsìkò ìdánwò JAMB bá ti ń súnmọ́ tòsí ní Èkó níhìn-ín, àwọn òbí a máa mú bírò ọmọ wọn wá sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí àwọn aáfà lè ṣe àdúà sí i. Àdúà dára, a kò sì ní dẹ́kun láti máa ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni kò ti sí ẹni tí ń fi bírò ṣe ìdánwò náà mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Èyí fi hàn wá pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ohun tí ọmọ wọn ń lọ pàdé, pàápàá àwọn tí ọmọbìnrin wọn ń sọ pé lọ́yà ni òun yóò dà. Ẹ̀yin ìyá gan-an ni a ń bá wí, nítorí ọwọ́ yín ni àkókò ọmọbìnrin wà nínú ilé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin Mùsùlùmí. Hájíà Aloma Mariam Mukhtar di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà ní 2012, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Ní 2014, Hájíà Zainab Bulkachuwa di olórí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ hìjáàbù ni ó ń ba àwọn mìíràn lẹ́rù. Wọ́n rántí pé ní oṣù kejìlá 2017, wọn kò jẹ́ kí Amasa Firdaus, tí ó kàwé jáde ní Yunifásítì Ìlọrin, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di lọ́yà ní Abuja, nítorí pé ó kọ̀ láti ṣí hìjáàbù rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí: ní oṣù keje 2018 ó di lọ́yà, tòun ti hìjáàbù lórí.

Ó wá ku ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí a mú Yunifásítì Èkó ní Akókà, tí kò jìnnà sí àwa ará Yábàá, Sùúrùlérè àti Mushin, tí ó sì ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1962. Bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá nìyí: nínú 100, JAMB ni ó ni 50, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe ni 30, èsì WAEC tàbí NECO ni 20. Wọn a fi 8 pín máàkì JAMB, tí ó bá jẹ́ 280, ó di 35. Ní ti WAEC, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń wò. A1 kan jẹ́ 4, C6 kan jẹ́ 2. Ọmọ tí ó gba A1 márùn-ún ti ní 20. Ẹni tí ó gba C6 márùn-ún, 10 péré. Ẹ wo 10 tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí dáadáa. Kí ọmọ C6 tó lè fi JAMB dí i, ó ní láti fi máàkì 80 ju ẹnì kejì lọ! Ibo ni yóò ti rí 80 mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo? Nítorí náà, láti SS1 ni ìdánwò lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá dúró de ọdún JAMB ti pẹ́.

Láti SS1 náà ni kí ọmọ ti máa kọ́ Literature, nítorí òun àti English ni òpó ilé yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tì í sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì nítorí pé ojú àdúgbò ń wo dókítà. Àwọn òbí wa a máa béèrè bóyá ọmọ lè fi Lárúbáwá tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam ṣe JAMB. JAMB ní ìdánwò méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtọ́ni JAMB bóyá yunifásítì tí ẹ fẹ́ gbà á fún òfin. Ọmọ tí kò bá mú àwọn iṣẹ́ tí yunifásítì fẹ́ yóò kàn yege lásán ni.

Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń bi ọmọ láàárín wákàtí méjì: 60 lórí English, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan. Kíkà nìkan kò tó. Ẹ rántí ilé-kéú: a kì í jẹ́ kí ọmọ wẹ wàláà rẹ̀ àfi bí ó bá ti ka ohun tí ó wà lórí rẹ̀ láìwojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ó ṣe sí ìwé rẹ̀. Kí ó ka ojú ìwé kan, kí ó pa á dé, kí ó sọ ọ́ jáde. Kí ẹ ra àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá fún un, kí aago wà níwájú rẹ̀ bí ó ti ń dáhùn wọn, kí ó sì padà wo èyí tí ó ṣì.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo fún ara wa. Ọmọbìnrin ni ó ń gbálẹ̀, òun ni ó ń pọnmi, òun ni ó ń lọ ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ ní Ojúwoyè, òun náà ni ó sì ń fọ abọ́ lálẹ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ pé kò mọ̀wé. Wákàtí méjì lójúmọ́ ni a ń tọrọ fún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é. Àbúrò rẹ̀ lè fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ní já. Ní 2023, ọjọ́ mélòó kan péré ni ó wà láàárín ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ JAMB. Inú ààwẹ̀ ni ọmọ ti ń múra. Nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti jẹ sààrì, tí ó sì kírun Asùbáà, ìwé ni kí ó kàn, kí ẹlòmíràn máa ronú ìṣínu.

Àwọn kan ń gbé ìbéèrè kiri lórí WhatsApp, wọ́n ní àwọn ti rí i kí ọjọ́ tó pé. Harámù ni owó tí ẹ bá san fún wọn. Ọmọ tí ó ń lọ kọ́ òfin, olè ni yóò ha fi wọlé bí?

Bí ọ̀la bá ti jẹ́ ìdánwò, ẹ mú un lọ wo ibùdó náà lónìí, nítorí ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ ń fojú wa rí ní Ojúẹlẹ́gbà. Kí ó má kun làálì sí orí ìka, ìka ni ẹ̀rọ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Bí èsì bá jáde tí kò dára, ẹ pa ẹnu mọ́ ná. Ní oṣù karùn-ún 2025, máàkì àwọn ọmọ Èkó burú kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde pẹ̀lú omijé lójú, ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni: ibùdó 65 ní agbègbè Èkó ni ó kàn, ọmọ 206,610. Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Èkó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí máàkì náà. Innā lillāhi wa innā ilayhi rājiʿūn.

Bí ó bá sì dára, ọmọ tí ó fi Akókà ṣe àkọ́kọ́ tí ó yàn, tí ó sì gba ó kéré tán 200, ṣì ní ìdánwò ti yunifásítì fúnra rẹ̀ níwájú, 30 nínú 100. Ẹ má ì tíì rán an lọ kí àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú. Ẹ dá wákàtí méjì rẹ̀ padà fún un.