Kí ẹ tó bu epo sínú garawa tuntun, ẹ kọ́kọ́ dán an wò

Lọ́dọ̀ wa ní Anié, agbo ilé tí kò ní epo nínú kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó ní alùpùpù ń fi bẹntiróò pamọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo ń fi dísẹ́ẹ̀lì pamọ́. Abúlé tí iná mànàmáná kò tíì dé ń ra epo òyìnbó fún fìtílà. Bí ẹ bá gba ojú títì láti Atakpamé títí dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó rí epo nínú ìgò, nínú bídọ̀ọ́nù oníke, àti nínú garawa onírin. Garawa onírin olówó pọ́ọ́kú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣé ó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni? Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ kí ẹ tó bu epo sí i?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó bẹntiróò fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú níbẹ̀. Ibi ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n epo inú garawa kan ṣoṣo tó láti jó odidi ilé. Bẹntiróò kì í dúró kí iná wá bá a. Oru rẹ̀ ni í lọ bá iná. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín, ńṣe ló ń rá nílẹ̀. Ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá dé ìdí ààrò, ẹni tó ń dáná kò sì ní rí i. Garawa tó ń jò díẹ̀díẹ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tutù, ń tú oru yìí jáde tọ̀sán-tòru.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹni tó ń ra garawa mọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín 1940 sí 1942, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń jà nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà. Garawa olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń kó bẹntiróò lọ sójú ogun. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń gba nǹkan bí lítà 18, bíi garawa epo òyìnbó tí àwọn bàbá wa mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n lórí òkúta, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ irin pọ̀ á là. Nígbà mìíràn, epo tó ṣòfò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn sójà fúnra wọn fún garawa náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí "ẹlẹgẹ́". Wọ́n máa ń gé èyí tó ti ṣófo, wọn á bu iyanrìn àti bẹntiróò díẹ̀ sí i, wọn á fi se tíì. Bí ẹ bá bi mí, mo rò pé ó wúlò fún tíì ju epo lọ.

Àwọn Jámánì, tí wọ́n ti ṣàkóso ilẹ̀ Tógò wa láti 1884 títí di 1914, ní garawa tiwọn tó yàtọ̀. Ní 1937 ni wọ́n ṣe é. Lítà 20 ló ń gbà. Irin líle méjì tí wọ́n tẹ̀ bí àwo ni wọ́n jó pọ̀, ojú ìjórin náà sì wọnú díẹ̀ kí nǹkan má baà gbá a. Wọ́n tẹ ìlà bí àgbélébùú sí ìhà rẹ̀ méjèèjì kí irin náà lè fẹ̀ kí ó sì sún kì nígbà oòrùn àti òtútù. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní lórí, kí ènìyàn méjì lè jọ gbé e. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i gbà lójú ogun, wọ́n ń fi èyí tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́, nígbà tó yá wọ́n ṣe irú rẹ̀. "Jerry" ni wọ́n máa ń pe àwọn Jámánì, ibẹ̀ ni orúkọ "jerrican" tí a ń gbọ́ ní ọjà ti wá.

Ẹ wo ohun tó ya garawa méjèèjì sọ́tọ̀. Kì í ṣe nínípọn irin nìkan. Ibi tí irin ti pàdé irin ni garawa ti ń bàjẹ́, àti ẹnu rẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán kò sọ nǹkan kan fún yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ṣe wo ọ̀dà. Ẹ fi ìka tọ ojú ìjórin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá rí págunpàgun, tí ó nípọn níhìn-ín tí ó sì tín-ín-rín lọ́hùn-ún, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìhà rẹ̀: bí ó bá wọlé tí ó sì dún "kọ́ọ̀" bí agolo mílíìkì, irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ẹ mì í gidigidi. Ẹ wo rọ́bà inú ìdérí. Bí ẹ bá rí i pé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gé sí i, ẹ má gbà á, nítorí bẹntiróò máa ń mú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú, á sì rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ tún lè ṣe ohun tí ẹ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ ka ara garawa náà. Èyí tí wọ́n dán wò ní ilé iṣẹ́ máa ń ní àmì róbótó kan tí lẹ́tà "u" wà lórí "n" nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn lára irin, wọ́n á kàn tẹ "UN" síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó rí 3A1. Nọ́ńbà 3 ni pé jerrican ni, A ni pé irin líle ni wọ́n fi ṣe é, 1 ni pé odidi orí rẹ̀ kì í ṣí kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan: X, Y tàbí Z. Y gba bẹntiróò. Z kò gbà á, dísẹ́ẹ̀lì àti epo òyìnbó ló wà fún. Kí irú garawa kan tó gba Y, wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ láti òkè mítà 1.2 kí ó má sì jò. Fún Z, mítà 0.8 ni. Wọ́n tún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi fún ìṣẹ́jú 5, wọn á máa wò ó bóyá ìfófó ń jáde.

Àmì náà dára, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú irú garawa náà ni wọ́n jù sílẹ̀ láti dán wò, kì í ṣe ti ọwọ́ yín gan-an. Olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà sì sábà máa ń wà láìní àmì kankan. Ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní: "Ìyá, mo fẹ́ dán an wò nílé. Bí ó bá jò, màá dá a padà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀." Ìdáhùn rẹ̀ náà jẹ́ ìdánwò.

Nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn. Garawa tuntun, tí epo kò kàn rí, nìkan ni ẹ ó ṣe èyí fún. Ní kùtùkùtù, nígbà tí ara irin ṣì tutù, ẹ dé e pa gbọin ní òfìfo. Ẹ gbé e sínú oòrùn. Nígbà tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, á máa wá ọ̀nà àbájáde. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, kí ẹ fi aṣọ kékeré pa á sí ojú ìjórin gbogbo àti yí ẹnu rẹ̀ ká. Ibi tí ìfófó bá ti ń wú jáde, ibẹ̀ ló ti lu. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ rọra ṣí ìdérí lọ́sàn-án. Bí ó bá mí "fùùù", ó dára. Bí kò bá dún rárá, afẹ́fẹ́ ti bá ibì kan lọ. Ẹ tún un wò.

Lẹ́yìn náà ni omi. Bẹntiróò máa ń gba ihò tí omi kò lè gbà, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi náà, ìyẹn á jẹ́ kí ó lè wọ ihò tó kéré. Ẹ bu omi kún garawa, ẹ dé e, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ gbé e sórí eérú gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí ó dúró mọ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ dà á dùbúlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ dojú rẹ̀ dé. Eérú kì í parọ́: ẹ̀kán omi kan á yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá yege, ẹ dà á nù, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ nínú oòrùn títí inú rẹ̀ á fi gbẹ ṣáúṣáú.

Jíjù sílẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ra ẹyọ kan kò ní fẹ́ ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra 10 fún ẹ̀rọ ìlọgi tàbí fún oko, ẹ fi ẹyọ kan ṣe ìdánwò kí ẹ tó ra ìyókù. Ẹ bu omi kún un, kí ọkùnrin méjì gbé e dé ìsàlẹ̀ àyà, kí wọ́n fi igun rẹ̀ lulẹ̀ níbi tó le. Kí wọ́n ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí ó bá tẹ̀ wọnú ṣùgbọ́n tí kò jò, ó yege.

Garawa tó yege lónìí lè kùnà lọ́dún tó ń bọ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú garawa tí epo rẹ̀ kò kún, ìrì máa ń dì lóru, omi náà á rì sí ìsàlẹ̀ epo, á sì máa jẹ irin láti inú. Ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ lásán, orí pákó ni kí ó wà. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ da epo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò funfun kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí èérí pupa, ìpẹtà ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bu bẹntiróò kún garawa dé ẹnu. Bí ìgbóná lítà 20 bá fi ìwọ̀n 20 gòkè nínú oòrùn, epo náà á fẹ̀ ní nǹkan bí lítà 0.4, ìyẹn ju ààbọ̀ ìgò bíà ńlá lọ. Bí kò bá ní àyè, ojú ìjórin ni yóò gbà.

Bí garawa tó ti gba epo rí bá lu, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin. Òfìfo rẹ̀ léwu ju kíkún rẹ̀ lọ, nítorí oru epo ló kún inú rẹ̀. Iná ajórin kan ṣoṣo lè mú un bú gbàmù. Ẹ má fi pọn omi mímu, ẹ má fi rọ epo pupa.

Ẹ kọ orúkọ epo sí ara garawa kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dà: BẸNTIRÓÒ, DÍSẸ́Ẹ̀LÌ, EPO ÒYÌNBÓ. Bẹntiróò tó bọ́ sínú fìtílà ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, kí ó jìnnà sí ààrò àti yàrá. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Bí ọmọ bá mu epo òyìnbó, ẹ má mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Bí ó bá ń bì, epo náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí iná bá jó ènìyàn, omi tútù ni kí ẹ máa dà sí ojú egbò fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe òróró.

Garawa tuntun tó jò nígbà ìdánwò, tí ẹni tó tà á kò sì gbà á padà, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò kí epo tó kàn án. Ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ kún un, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí epo yín wà. Bẹntiróò tó ń jó á léfòó lórí omi, á sì máa ṣàn lọ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn lè bò ó mọ́lẹ̀ kí ó kú.