N Kò Gbá Tẹ́nìsì Rí, Síbẹ̀ Ìgúnpá Ń Dùn Mí

Ife tíì lásán ni mo fẹ́ gbé ní àárọ̀ ọjọ́ náà tó fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá mi ọ̀tún ti ń ro mí. Bí mo bá di àlùmọ́gàjí mú, ìrora náà a sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Aránṣọ ni mí, aṣọ ẹbí 40 tí mo ti gba owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Mo fi ìpara wọ́ ọ títí, pàbó ló já sí.

Dókítà ló sọ fún mi pé “tennis elbow” ni. Ẹnu yà mí.

Kí ló ń fà á?

Iṣan kan so ẹran apá mọ́ egungun tó yọ síta lára ìgúnpá. Bí a bá ń lo ọwọ́ lọ́nà kan náà láìsinmi, iṣan yìí a máa já wẹ́wẹ́, kò sì ní ráyè jinná. Ìdí nìyí tó fi ń ṣe káfíńtà, akunlé, alápatà àti ẹni tó ń fún aṣọ tó fọ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín ẹni ọdún 30 sí 50.

Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ìsinmi ló ṣáájú. Mo ń fi yìnyín tí mo fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 15. Wọ́n tún kọ́ mi ní eré ìdárayá: kí n gbé apá lé tábìlì, kí n di nǹkan fífúyẹ́ mú, kí n sì máa rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́, àmọ́ dókítà ní ó lè dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì tún padà dé. Ọ̀pọ̀ ló ń sàn láìsí iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, kódà ọdún kan.

Mo dá owó àwọn oníbàárà kan padà, mo sì gbé ìyókù fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí wọra. Oṣù keje ni mo tó lè gé aṣọ láìfa ojú ro.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìrora bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìka yín ń kú tipiri, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìlera loògùn ọrọ̀.