'Football age': Kí ló dé tí ọjọ́ orí àwọn kan fi ń lọ sẹ́yìn?

Bí ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún bá ní ọmọ ọdún 16 ni òun, ẹ̀rín ló máa ń pa àwọn tó bá gbọ́. Láti Okaishie nílùú Accra, níbi tí àwọn alágbàtà ti ń ra oògùn nítòsí ọjà Makola, títí dé Mushin nílùú Èkó, orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é ni 'football age', ìyẹn ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ orí inú ìwé ìrìnnà agbábọ́ọ̀lù ni, èyí tó kéré sí iye ọdún tó ti lò láyé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí pápá. Wọ́n tún fi ń ṣẹ̀fẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó má baà fẹ̀yìntì ní ọdún 60, àti ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 30 lọ́dọọdún.

Kí ló ń fà á?

Owó ni. Ọ̀dọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fẹ́ ná owó gọbọi lé lórí, torí pé wọ́n ṣì lè tún un tà lérè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni òbí wọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn.

Báwo ni àṣírí ṣe ń tú?

Lọ́dún 1989, àjọ FIFA fòfin de Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, lẹ́yìn tí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kò bára mu nínú ìwé.

Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn ọwọ́. Bí ibi tí egungun ti ń dàgbà níbẹ̀ bá ti dì pátápátá, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún má tíì kọjá ọdún 17. Ní 2016, agbábọ́ọ̀lù Golden Eaglets 26 ló fìdí rẹmi nínú àyẹ̀wò náà.

Àmọ́ lẹ́yìn tí egungun bá ti dì, ẹ̀rọ náà kò lè sọ bóyá ọdún 19 tàbí 25 ni èèyàn wà.

Ta ló ń jìyà rẹ̀?

Ọmọ tó sọ òótọ́ ni. Ghana gba ife ẹ̀yẹ náà ní 1991 àti 1995, torí náà ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ikọ̀ Black Starlets ni ọ̀nà Yúróòpù. Bí àgbà bá gba àyè ọmọ ọdún 15 níbẹ̀, ọmọ náà kò tún ní padà jẹ́ ọmọ ọdún 15 mọ́.

Ẹni tó parọ́ náà kì í lọ láìjìyà. Ìwé rẹ̀ lè ní ọdún 27 ló wà, kí eré sì ti máa kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àgbà tó wọ aṣọ ọmọdé ńkọ́? Àkísà rẹ̀ ṣì wà nílé.