BÍ A ṢE Ń WÁ ÀBÙKÙ INÚ Ẹ̀RỌ KÉKERÉ KÍ A TÓ TÚN UN ṢE

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa ṣe: kí wọ́n tú rédíò tí ó ti kú, kí wọ́n yọ wáyà àti iná kékeré inú rẹ̀, kí wọ́n so wọ́n mọ́ bátìrì, kí wọ́n sì máa wò ó bóyá yóò tàn. Eré ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n eré tí ó ń bí iṣẹ́ ni. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1982, Introductory Technology wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, kí ọmọ lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí ohun tí ọmọ so pọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, ńṣe ni yóò máa yọ èyí, tí yóò máa pààrọ̀ ìyẹn, láìmọ ibi tí àìsàn wà. Àwọn rediónìkì kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ni ó sì ń san owó rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Wíwá ni ó ṣáájú títúnṣe.

ỌNÀ TÍ INÁ Ń GBÀ

Iná bátìrì dà bí àgbẹ̀ tí ó jáde láti Ìyànà Ọ̀fà lọ sí oko, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà wá sí ilé. Yóò gba ojú tí a kọ àmì + sí jáde, yóò kọjá nínú gbogbo ohun tí a so, yóò sì gba ojú tí a kọ àmì − sí wọlé. Àlọ àti àbọ̀ yìí ni a ń pè ní sákíìtì. Bí ọ̀nà náà bá gé níbì kan ṣoṣo, iná kò ní rìn rárá.

Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó fi bátìrì àkọ́kọ́ han ayé ní ọdún 1800. Ní 1827, Georg Simon Ohm ti ilẹ̀ Jámánì ṣe àlàyé bí agbára bátìrì ṣe bá ìnira ojú ọ̀nà mu: bí ìnira bá pọ̀, iná tí yóò kọjá yóò kéré. Ní 1947, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley, mú tiransísítọ̀ jáde ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dé, rédíò ń lo ìgò ńlá tí ó ń gbóná, tí ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Tiransísítọ̀ ni ó jẹ́ kí bátìrì kékeré tó fún rédíò, òun náà ni ó sì jẹ́ kí àgbẹ̀ lè gbọ́ ìròyìn ní abà tí iná ìjọba kò dé.

ÀPẸẸRẸ TÍ ỌMỌ LÈ FI ỌWỌ́ ṢE

Ẹ mú bátìrì 9 volt kan, súwíìṣì kan, rẹsísítọ̀ kan àti iná LED pupa kan. Ẹ so wọ́n tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Iná LED pupa ń gba nǹkan bí 2 volt fún ara rẹ̀. Bí a bá yọ 2 kúrò nínú 9, ó ku 7, rẹsísítọ̀ ni yóò sì gbé e. Bí rẹsísítọ̀ náà bá jẹ́ 470 ohm, ẹ fi 470 pín 7, ẹ ó rí nǹkan bí 0.015 ampere. Iye yìí tó kí LED tàn dáadáa, kò sì ní jó o. Ẹni tí ó bá so LED mọ́ bátìrì 9 volt láìfi rẹsísítọ̀ sí i yóò jó o kíákíá.

A ń dá rẹsísítọ̀ mọ̀ nípa ìlà àwọ̀ ara rẹ̀. Ti 470 ohm jẹ́ yẹ́lò, tí í ṣe 4. Elésè-àlùkò, tí í ṣe 7. Lẹ́yìn náà búráùn, tí ó ń sọ pé kí á fi òdo kan kún un. Ní ti LED tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó gùn ni ó ń kọjú sí +.

BÍ KÒ BÁ TÀN

1. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ṣé wáyà kan ti já? Ṣé ibì kan dúdú? Ṣé a kò dorí LED kodò? Ọ̀pọ̀ àbùkù ni ojú lásán lè rí.

2. Ẹ fi míítà wọn bátìrì nígbà tí a so ó mọ́ iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí ó dá wà nìkan. Bátìrì tí ó ti gbó lè fi nǹkan bí 9 hàn nígbà tí kò gbé ẹrù, kí ó sì já sí 5 tí iṣẹ́ bá dé ọrùn rẹ̀.

3. Ẹ yẹ ibi tí a fi òjé lẹ̀ wò. Òjé tí ó mú dáadáa máa ń tàn kálẹ̀ sí ara ẹsẹ̀ irin. Èyí tí kò mú máa ń ká jọ róbótó bí ẹ̀kán omi lórí ewé kókò. Ẹ tún un yọ́, kí ẹ má ṣe mi ọwọ́ títí yóò fi tutù.

4. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti gé. Ẹ tan súwíìṣì, ẹ gbé míítà sí ojú DC volt, kí ẹ sì máa fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ méjèèjì ohun kọ̀ọ̀kan. Òfin rẹ̀ nìyí: nínú ohun tí a so tẹ̀léra, ibi tí ọ̀nà bá ti gé ni gbogbo agbára bátìrì yóò dúró sí, bí omi ṣe ń kún sí ibi tí a gbé dí i. Bí ẹ bá rí 9 volt lórí súwíìṣì tí a ti tàn, súwíìṣì ni ó bàjẹ́. Bí 9 bá wà lórí rẹsísítọ̀, tí LED sì jẹ́ òdo, rẹsísítọ̀ lè ti gé, tàbí kí ẹsẹ̀ LED méjèèjì ti kan ara wọn. Bí 9 bá wà lórí LED, ó ti jó tàbí ó dorí kodò. Bí 2 bá wà lórí LED, tí 7 sì wà lórí rẹsísítọ̀, ara gbogbo wọn dá.

5. Bí ohun inú ẹ̀rọ bá pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Ẹ mú rédíò oníbátìrì tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ tàn án, ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ẹnu wáyà kékeré tí ẹ fi ọwọ́ dì mú kan ẹsẹ̀ àárín bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn. Bí sípíkà bá dún "kọ́" tàbí tí ó kùn, láti ibẹ̀ dé sípíkà dára. Apá iwájú ni kí ẹ wá àbùkù lọ. Bí kò bá dún, ẹ̀yìn ni kí ẹ wá a sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti kúrò lọ́rùn yín.

6. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Bí nǹkan bá jó, ẹ bèèrè ohun tí ó jó o kí ẹ tó fi tuntun síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà yóò jó.

IBI TÍ ERÉ PIN SÍ

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, iṣẹ́ bátìrì kékeré ni. Iná ìjọba tí ó wọ inú ilé jẹ́ 230 volt, ó sì lè pa ènìyàn. Ampilifáyà mọ́sálásí kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń tú. A lè ti yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná, síbẹ̀ kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì lè di agbára mú fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì gbá ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ni kí á gbé e fún.

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ fíúsì. Bí ó bá jó, àwọn kan a fi wáyà lásán dí i kí ampilifáyà lè tètè dún. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ilé. Ó jó kí ilé má baà jó. Èyí tí ó ní irú iye kan náà ni kí á fi rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn náà bá tún jó, àbùkù wà nínú ẹ̀rọ náà, kí á má ṣe fi ipá tàn án.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe na ọmọ nítorí pé ó tú rédíò tí ó ti kú. Ẹ fún un ní èyí tí ó ń lo bátìrì, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe fọ́ bátìrì, kí ó má sì sọ ọ́ sínú iná. Bí ó bá ń yọ́ òjé, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Májèlé ni òjé. Ní ọdún 2010, eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ bá sọ ọ́ di iṣẹ́ lọ́la, àmánà ni ẹ̀rọ oníbàárà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un, kí ẹ dá ògbólógbòó tí ẹ yọ padà fún un, kí ẹ má sì gba owó ohun tí ẹ kò pààrọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àbùkù wà kò ní ìdí láti pa irọ́.