Gbígba Orin Ìyìn Sílẹ̀ Nínú Ilé: Èrè àti Ìṣòro Rẹ̀

Ìlú London ni a ti gba orin ìyìn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sínú àwo ní ọdún 1922. Lónìí, kọ̀ǹpútà àti maikirofóònù kan tó fún ẹgbẹ́ akọrin láti gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, láìsan owó fún onísítúdíò. Ṣùgbọ́n ògiri lásán a máa dá ohùn padà, ariwo jẹnẹrétọ̀ a sì máa bá orin wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ tó nípọn bo ògiri, kí a dúró de ìgbà tí àdúgbò bá parọ́rọ́, kí a sì máa fi iṣẹ́ pamọ́ léraléra, nítorí iná lè lọ lójijì. Àgbà akọrin kì í wà títí. Ohùn tí a kò bá gbà sílẹ̀ yóò bá olóhùn lọ.